Ebè Kẹta

Oníṣirò ka ewé igi ẹ̀pà náà lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì ju pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Méjìléláàádọ́fà. Bó ṣe kà á lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn, bó ṣe kà á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ebè kẹta ni ebè olómi lásán, ebè tí kò rí nǹkan kan mu ju omi ẹ̀rọ lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ó yẹ kí ewé rẹ̀ kéré sí tàwọn yòókù, kó sì ti máa pọ́n létí. Ṣùgbọ́n ó dúró síwájú rẹ̀ báyìí, ó tutù yọ̀yọ̀, ó dúdú minimini, ó tilẹ̀ ga ju ebè àkọ́kọ́ lọ.

"Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?" ó bi ẹ̀pà náà.

Nígbà tí kò rí èsì, ó kọ iye náà sínú ìwé bó ṣe rí i, ó sì fi àmì ìbéèrè ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì ìbéèrè kẹfà nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Inú ti ń bí i sí ẹ̀pà, ìyẹn sì jẹ́ nǹkan ìtìjú fún ọmọ tí orí rẹ̀ pé.

Oníṣirò kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀. Àwọn ará ilé ló fún un lórúkọ yẹn nítorí pé kò sí nǹkan tí kì í kà: àtẹ̀gùn ilé ìwé, bọ́tìnì aṣọ olùkọ́, iye ìgbà tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé "mò ń bọ̀" kó tó wá lóòótọ́. Ọdún tó máa jáde ilé ìwé girama ló wà yìí. Olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ti fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì wọn ní iṣẹ́ àyẹ̀wò tirẹ̀. Ilé ìwádìí irúgbìn òróró tó wà lẹ́yìn ìlú sì ti ṣèlérí pé àwọn yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ àwọn lọ́rùn jù, kó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn fún odindi ọdún kan. Àyè kan ṣoṣo, akẹ́kọ̀ọ́ méjìlélógójì. Oníṣirò ti kà wọ́n. Láti kékeré ló ti máa ń rọra rìn bó bá dé ẹnu géètì ilé ìwádìí yẹn, kó lè yọjú wo àwọn tó wọ aṣọ funfun nínú ọgbà. Kò sí nǹkan tó fẹ́ láyé yìí ju kó wọlé síbẹ̀ lọ.

Họ́mónù ohun ọ̀gbìn ni iṣẹ́ tirẹ̀ dá lé. Olùkọ́ ti ṣàlàyé rẹ̀ títí tó fi yé àwọn tó ń sùn lẹ́yìn kíláàsì pàápàá. Ó ní ewé ni ilé ìdáná ẹ̀pà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni iná tó fi ń dáná, omi àti afẹ́fẹ́ ló ń sè, oúnjẹ tó bá sè jinná ló sì ń gba inú igi rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ bọ́ hóró tó wà nínú ilẹ̀. Inú hóró yẹn ni oúnjẹ ti ń di òróró. Ta ló wá ń sọ fún oúnjẹ pé ìsàlẹ̀ ni kó lọ, kó má gòkè? Họ́mónù ni. Bíńtín rẹ̀ báyìí ló ń pàṣẹ fún gbogbo igi. Bó bá wà níwọ̀n, ewé á pẹ́ kó tó gbó, á máa sè dáadáa, hóró á sì kún. Bó bá pọ̀ jù, igi á kàn máa ga, á máa yọ ewé lé ewé, ewé á sì máa jẹ ohun tó sè fúnra rẹ̀. Ebi á wá máa pa hóró nísàlẹ̀.

Nítorí náà ni Oníṣirò ṣe kọ ebè mẹ́ta sẹ́yìnkùlé. Ebè àkọ́kọ́ ń gba ìdérí ìgò họ́mónù kan nínú omi. Ebè kejì ń gba ìlàjì ìdérí. Ebè kẹta ń gba omi nìkan, kí èèyàn lè rí ohun tí ẹ̀pà máa ṣe bí ẹnikẹ́ni ò bá dá sí i. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ló ń fín in, tó sì ń ka ewé. Kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, wọ́n tètè jáde ilé ìwé. Bí Oníṣirò ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé, ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìnkùlé.

"Gbà, gbà tìẹ. Má dá wọn lóhùn. Mu ún dáadáa."

Bàbá Àgbà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ebè kẹta, tó ń fi ìgò fín nǹkan sí ẹ̀pà lára bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ìgò họ́mónù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìdérí rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí.

"Bàbá Àgbà!"

Ẹ̀rù kò tilẹ̀ ba bàbá náà. Ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti dé? Oúnjẹ ẹ wà lórí tábìlì."

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́?"

"Mò ń fún wọn lóúnjẹ ni."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tí ìwọ ń febi pa."

Kí èèyàn tó lè lóye ọ̀rọ̀ yìí, ó ní láti mọ̀ pé alásè ni Bàbá Àgbà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ ọ̀sán fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Àwọn ọmọ á tò sórí ìlà, òun á máa bu oúnjẹ. Ẹ lè gbé abọ́ ọmọ àkọ́kọ́ àti tọmọ ìkẹyìn sórí òṣùwọ̀n, ẹ ò ní rí ìyàtọ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Bó bá gé búrẹ́dì nílé, ó máa ń to àwọn ègé náà tira, kó lè rí i pé ọ̀kan ò ju ìkejì lọ.

"Bàbá, omi lásán ló yẹ kí ebè yẹn máa mu!"

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Gbogbo Sátidé ni mò ń wò ọ́ lójú fèrèsé. O fún tàkọ́kọ́, o fún ìkejì, o wá dé ọ̀dọ̀ ìkẹta, o da omi sí i lára. Omi! Kí ni wọ́n fi ṣẹ̀ ọ́? Láti ọjọ́ tí mo ti ń sè, mi ò gbé omi lásán síwájú ọmọ ọlọ́mọ kí n ní oúnjẹ ni."

"Ẹ̀pà ni, Bàbá! Ẹ̀pà! Kì í ṣe ọmọ!"

"Ṣé ẹ̀pà kì í jẹun ni?"

Oníṣirò di orí mú. "Láti ìgbà wo lẹ ti ń ṣe é?"

"Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Báwo lẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n?"

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. "Wọ̀n? Èmi? Bí ọwọ́ mi bá ṣe bù ú ni."

Nǹkan mìíràn wá sọ sí Oníṣirò lọ́kàn. "Bàbá, ìgò yẹn ò dínkù. Mo máa ń wò ó. Tí ẹ bá ń bù níbẹ̀, kí ló dé tí kò dínkù?"

"Báwo ló ṣe máa dínkù? Bí ọbẹ̀ bá fẹ́ tán, tí àwọn ọmọ ṣì kù lórí ìlà, kí lo rò pé mo máa ń ṣe? Mò ń bu omi sí i ni."

Ebè àkọ́kọ́ tó yẹ kó gba ìdérí họ́mónù kan, omi ọbẹ̀ ló ń gbà. Ebè kejì ń gba ìlàjì omi ọbẹ̀. Ebè kẹta tí kò yẹ kó fẹnu kan nǹkan kan, òun ló ń jẹ àjẹyó. Oníṣirò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn. Ó fẹ́ sunkún, inú tó ń bí i kò jẹ́ kí omijé rọ́nà jáde.

"Àbí mo ṣe ohun tí kò dáa ni?" Bàbá bi í. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Rárá, Bàbá," ó sọ ọ́ láàárín eyín. "Ẹ lọ sinmi."

Kò bi bàbá náà ní ìbéèrè kan sí i. Ẹ rántí ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé ni ẹni tí ilé ìwádìí rán ń bọ̀. Ní ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, Oníṣirò ro ẹjọ́ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Má-dààmú. Ọmọbìnrin yìí ló mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú gbogbo iṣẹ́, "má dààmú" ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìmọ̀ràn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Bàbá ẹ ń bọ́ ẹ̀pà! Ó dáa, kí lo wá fẹ́ ṣe báyìí?"

"Mo rò pé mo máa sọ fún Tíṣà ni."

"Kí o sọ fún wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀? Pé àánú ẹ̀pà ṣe bàbá ẹ? Wọ́n á ní ò ń ṣàwáwí. Má dààmú. Ìwọ wo tèmi. Yánmọtí mi ò tíì hù tó ti so nínú ìwé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi kọ iye ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ."

"Irọ́ nìyẹn."

"Irọ́ bíi ti báwo? Ṣé o mọ bó ṣe yẹ kí ebè kẹta rí?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

"Ó tán. Kọ bó ṣe yẹ kó rí."

Gbólóhùn yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bí wọ́n bá ti ní kó purọ́, ì bá kọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí! Ṣé òun kọ́ ló jí láàárọ̀ gbogbo Sátidé? Ṣé òun kọ́ ló kúnlẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi bó? Ṣé nítorí pé bàbá kan kò lè rí ẹ̀pà kó má fún un lóúnjẹ ni àyè kan ṣoṣo yẹn ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Bó ṣe ń bínú ni ohun tí Má-dààmú sọ ń jọ òótọ́ sí i.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ ṣeré, ó dá jókòó sí kíláàsì, ó ya ojú ìwé mẹ́fà jáde, àwọn tó ní àmì ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ya wọ́n kélekèle sínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Ó wá jókòó, ó kọ tuntun. Ebè àkọ́kọ́ pọ̀, ebè kejì tẹ̀ lé e, ebè kẹta kéré, ewé rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Iye náà ń sọ̀ kalẹ̀ létòlétò. Ó tilẹ̀ kọ iye ẹ̀pà tó wà lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan: méjìdínláàádọ́ta, márùndínlógójì, mọ́kànlélógún. Kò fa igi kan tu.

Lọ́jọ́ Ajé, onímọ̀ irúgbìn tí wọ́n rán wá dé pẹ̀lú Tíṣà. Obìnrin kúkúrú ni, ó wọ bàtà òjò, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ka ìwé Oníṣirò lórí ìdúró, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Tíṣà ń rẹ́rìn-ín ìgbéraga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwé tó mọ́ nìyí," obìnrin náà sọ. "Jẹ́ ká wo ẹ̀pà."

Wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé. Ó wo ebè àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó dé ọ̀dọ̀ ìkẹta, ó dúró. Ó ṣí ìwé padà.

"Ìwé ẹ sọ pé ewé ibí ti pọ́n. Ó ní mẹ́rìndínlógójì ló kù lórí igi kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ka èyí fún mi."

Oníṣirò kúnlẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ewé kà tó o nílé ìwé yẹn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Ó kà á dé mẹ́rìndínlógójì, ewé ṣì pọ̀ nílẹ̀. Obìnrin náà kò ní kó dúró. Ó ń kà á lọ, Tíṣà sì ń wo ojú ọ̀run. Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ló bá a dé.

"Fà á tu."

Ó fà á. Igi gíga, ewé jàgànjàgàn, ẹ̀pà márùn-ún péré nísàlẹ̀. Obìnrin náà fi ìka méjì tẹ ọ̀kan, èèpo rẹ̀ wọlé pẹ́lẹ́bẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju hóró rírọ kan tí kò ju èékánná lọ.

Àkókò yẹn ni Bàbá Àgbà gbé omi tútù jáde fún àwọn àlejò. Nígbà tó rí i pé ebè kẹta ni gbogbo wọn dúró yí ká, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ ò rí i bó ṣe tutù? Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Ọmọ yìí kì í fẹ́ fún un."

Oníṣirò fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Tíṣà ya ẹnu, kò lè pa á dé. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kàn ti fìlà orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́ẹ̀mélòó lọ́sẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì."

"Báwo lẹ ṣe ń bù ú?"

Bàbá ṣe àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kóńkó. "Báyìí."

"Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án mọ́ o, kò dáa fún ara. Ẹ fi omi yìí ṣe é kí n wò ó." Ó yọ ife kékeré kan tó ní ìlà ìwọ̀n lára nínú báàgì. Bàbá bu omi sínú àtẹ́lẹwọ́, ó dà á síbẹ̀. Ìdérí mẹ́rin géérégé. Obìnrin náà da omi nù, ó ní kó tún un bù. Ìdérí mẹ́rin. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, omi náà sì tún dúró sójú ìlà kan náà.

"Omi tí ẹ ń bù sínú ìgò ńkọ́, Bàbá? Ṣé ẹ mọ iye rẹ̀?"

"Ife kan, gbogbo ọjọ́ Ẹtì," Bàbá dáhùn. Ó yà á lẹ́nu pé èèyàn lè bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Ṣé mo lè máa sè kí n má mọ iye omi tí mo bù sí i ni?"

Obìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Oníṣirò, ojú rẹ̀ ti yí padà. "Ṣé o mọ ohun tí bàbá ẹ ṣe? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fín họ́mónù yìí sóko, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń wá ẹni tó máa ka ewé ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí irú ebè báyìí, ká lè mọ ọ̀sẹ̀ tí oúnjẹ kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ nìyí. Ẹ̀pà rẹ̀ nìyí. Iye ewé tó o kà gan-an ló kù. Ṣé o kà á?"

"Mo kà á, mà."

"Gbogbo ọ̀sẹ̀?"

"Gbogbo ọ̀sẹ̀."

"Ó dà?"

Kò sí irọ́ kan tó wá sí i lẹ́nu. "Mo ya á, mà."

"O ya á."

"Mo ya á kélekèle. Mo wá kọ bó ṣe yẹ kó rí."

Tíṣà pariwo. "Ìwọ! Ìwọ tó ń ka bọ́tìnì aṣọ mi! Ọmọ tí mo fi ń yangàn! Wọn ò ní kí o kọ bó ṣe yẹ kó rí. Wọ́n ní kí o wò ó, kí o kà á, kí o sọ fún wa! Kí ló le níbẹ̀? Ẹ gbà mí o, kí ló le níbẹ̀?"

Obìnrin náà kò pariwo ní tirẹ̀. Ó pa ìwé dé, ó dá a padà fún Oníṣirò. "Mi ò lè lo ọ̀kankan nínú rẹ̀," ó ní. "Tebè àkọ́kọ́ àti tìkejì lè jẹ́ òótọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Bí wọ́n ṣe ń lọ, Bàbá Àgbà dúró pẹ̀lú abọ́ ife lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti fà ro. "Èmi ni mo fà á, àbí?"

"Ẹ̀yin kọ́," Oníṣirò sọ, omijé tó ti dì mọ́ ọn láyà láti Ọjọ́rú sì rọ́nà jáde wàyí. "Ẹ̀yin ṣàṣìṣe, wọ́n sì rí ibi tó wúlò sí. Èmi ni mo ya ìwé."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n lẹ àbájáde mọ́ ojú pátákó. Máàkì ebè kíkọ nìkan ni wọ́n fún Oníṣirò. Má-dààmú kò tilẹ̀ rí ìyẹn gbà, nítorí nígbà tí obìnrin náà ní kó mú òun lọ wo yánmọtí rẹ̀, koríko ló fi hàn án. Ọmọbìnrin kan tí ewúrẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀wà sóyà rẹ̀ ni ilé ìwádìí mú. Ìwé rẹ̀ kò lẹ́wà. "Ewúrẹ́ jẹ mẹ́rin lónìí. Mo fi ẹ̀gún ṣe ọgbà. Ewúrẹ́ fo ọgbà, ó jẹ méje." Bó ṣe kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìyẹn, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Gbogbo kíláàsì ti fi ṣẹ̀sín, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ẹlẹ́wúrẹ́.

Inú bí Oníṣirò fún ọjọ́ mélòó kan. Ó bínú sí Má-dààmú, ó bínú sí obìnrin oníbàtà òjò, ó bínú sí ewúrẹ́ tí kò rí rí. Nígbà tó bínú sí gbogbo wọn tán, òun nìkan ló kù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ẹlẹ́wúrẹ́ wá bá a nílé. Ó ti wọ aṣọ funfun ilé ìwádìí, ó tóbi jù fún un léjìká. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń tì í.

"Jọ̀ọ́, má bínú. Wọ́n ní kí n máa ka ewé igi ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀. Ó ń dàrú mọ́ mi lójú, mo máa ń ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo èèyàn sọ pé ìwọ lo mọ̀ ọ́n kà jù. Báwo lo ṣe ń ṣe é?"

Oníṣirò mú un lọ sẹ́yìnkùlé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi hàn án: láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ̀ka kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó so òwú mọ́ ẹ̀ka tó bá ti kà. Ọmọ náà kà á, iye rẹ̀ sì pé. Ó dúpẹ́ títí, ó sì sáré padà sẹ́nu iṣẹ́.

Oníṣirò kúnlẹ̀ síbẹ̀. Òun ló mọ ewé kà jù nílé ìwé wọn, wọn ò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n kà jù ni ilé ìwádìí ń wá. Ẹni tó máa sọ ohun tó rí ni wọ́n ń wá, ì báà jẹ́ ewúrẹ́ ló rí.